Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Ara Wa Kọ́ Wa Nínú Láàbù

Láti ìpàdé ìkẹyìn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀ wá pé kí a wá kọ ohun kan sí ìwé ìròyìn yìí nípa iṣẹ́ tí a ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà ni ó sì máa ń bi wá pé, "Ẹ̀yin oníláàbù, kí ni ẹ tilẹ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́?" Ìdáhùn wa kì í gùn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni a sábà máa ń wà nígbà náà, tí ìrẹsì sì ti ń tutù nínú ilé. Lónìí a ó gbìyànjú láti dáhùn dáadáa. A ó sì jẹ́wọ́ ohun kan tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí.

Àwa méjì ni ọmọ Yorùbá nínú láàbù wa ní Kánádà níhìn-ín, ọ̀kan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, èkejì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí pé a jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà, tí a jọ ń jẹun, tí wọ́n sì jọ ń bá wa wí lẹ́ẹ̀kan náà, a ti pinnu láti fi ohùn kan ṣoṣo kọ ìwé yìí. Ibi tí ẹ bá ti rí "àwa", àwa méjèèjì ni. Ẹ̀bi tí ẹ ó kà níwájú, àwa méjèèjì náà ni ó ni ín.

Oògùn kan wà tí ń jẹ́ heparin. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, tàbí ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbà á láìmọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ kí ó dì. Ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ nínú púpọ̀. Ní ọdún 1916, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tí ń jẹ́ Jay McLean ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n William Howell. Ohun tí wọ́n ní kí ó lọ wádìí ni nǹkan tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ohun tí ó bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ ajá ni nǹkan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì rárá. Wọ́n rán an níṣẹ́ ìlà-oòrùn, ó bá ọrọ̀ pàdé ní ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 1918 ni Howell mú orúkọ heparin jáde láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, wọ́n ti rí ọ̀nà láti fọ̀ ọ́ mọ́ ní Toronto, àwọn dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn. Lóde òní, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde.

Heparin ti gba ẹ̀mí là ju bí a ti lè kà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kan: ẹni tí a ní kí ó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún há ọwọ́. Ní ọdún 1958, àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì ní Amẹ́ríkà, Weismann àti Tobin, kéde pé àwọn rí aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ dì sí òpó iṣan wọn nígbà tí wọ́n ń gba heparin lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ná: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n ń gbà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dì! Ó di ọdún 1973 kí Rhodes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí ń mú kí platelet wọn lẹ̀ mọ́ra wọn, kí ó sì dín kù. Orúkọ àrùn náà gùn, ṣùgbọ́n HIT ni gbogbo àwọn oníṣègùn ń pè é ní kúkúrú.

Kí ni platelet? Wóró wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni, tí ojú lásán kò lè rí. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́ nídìí ẹ̀fọ́, àwọn ni ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́. Nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, èyí tí kò tó ẹ̀kán omi kan rárá, ẹni tí ara rẹ̀ yá ní nǹkan bí 150,000 sí 400,000 wọn. Nínú ikùn platelet ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PF4 wà. Bí PF4 bá pàdé heparin, àwọn méjèèjì a so mọ́ra bí ìgbà tí irin bá rí òòfà. Nínú àwọn ènìyàn kan, ara yóò wo ìdàpọ̀ yìí, yóò ní àlejò ni, yóò sì rán ọmọ ogun jáde sí i. Àwọn ọmọ ogun yìí ni a ń pè ní antibody. Wọn a di ìdàpọ̀ náà mú lápá kan, wọn a sì fi apá kejì lu ojú platelet. Platelet yóò bínú, yóò tú PF4 mìíràn jáde, ìjà yóò sì gbóná sí i. Bí platelet ṣe ń lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dì, bẹ́ẹ̀ ni iye platelet sì ń lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1992 ni Jean Amiral àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé fi hàn pé ìdàpọ̀ PF4 àti heparin ni ọ̀tá tí àwọn ọmọ ogun náà ń lé.

Ewu ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí a kò bá mọ̀ pé HIT ni, tí a kò sì fún aláìsàn ní oògùn mìíràn tí ó yẹ, nǹkan bí ìdajì wọn ni ẹ̀jẹ̀ lè dì sí lára láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ ọpọlọ. Àwọn mìíràn a pàdánù ẹsẹ̀, àwọn mìíràn a kú. Ṣùgbọ́n bí a bá tún pariwo HIT níbi tí kò sí, a ó já heparin gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀, a ó fún un ní oògùn olówó gọbọi tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀. Nítorí náà, "ó wà" lè pani, "kò sí" náà lè pani. Àárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wa wà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Dókítà ni ó kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin. Èkínní: báwo ni platelet ṣe lọ sílẹ̀ tó? Èkejì: ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀? Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá tí a bẹ̀rẹ̀ heparin ni HIT sábà máa ń yọjú. Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti dì síbì kan? Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí ó lè fa á, bí àkóràn tàbí oògùn mìíràn? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gba òdo, ení tàbí èjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá gba mẹ́ta sísàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí HIT wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di iyèméjì. Mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìfura le.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ yóò tó dé ọ̀dọ̀ àwa oníláàbù. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ni ó wà. Èyí àkọ́kọ́, ELISA, ń wò bóyá àwọn ọmọ ogun tí a wí yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó yá, kò sì ṣòro. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ka ọmọ ogun tí ó jókòó jẹ́ẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí ń jà. Lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, nǹkan bí ìdajì ni ó lè ní antibody yìí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀, bí ẹnì kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ni HIT ń mú. Bí àwọ̀ inú ELISA bá ti jinlẹ̀ tó ni ó ṣeé gbàgbọ́ tó. Nígbà tí òǹkà rẹ̀ bá kọjá 2.0, ó sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Èyí tí kò ju 0.4 sí 1.0 lọ, ẹ̀rù ojú lásán ni ó sábà ń jẹ́.

Àyẹ̀wò kejì ni ó ń wo ìjà fúnra rẹ̀. Yunifásítì McMaster ní Kánádà níhìn-ín ni Sheridan, Carter àti Kelton ti gbé e jáde ní ọdún 1986. A ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ yá, a ó yọ platelet inú rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì fún un ní serotonin tí ó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú láti gbé mì. A ó wá da omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lé e, pẹ̀lú heparin díẹ̀. Bí ìjà bá wà níbẹ̀, platelet yóò pọ serotonin náà jáde, ẹ̀rọ yóò sì kà á. Bí ó bá pọ̀ tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìfura wà. A ó tún ṣe é pẹ̀lú heparin tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí pé àpọ̀jù heparin a máa tú ìdàpọ̀ náà ká. Bí ìjà bá parí nígbà náà, a mọ̀ pé HIT ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Àyẹ̀wò dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó le. Platelet kò ṣeé tọ́jú pamọ́ di ọ̀la. Platelet ènìyàn kan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: àwọn kan yára bínú, àwọn mìíràn a máa wò sùn-ùn. Nítorí náà ni a fi ń fi omi ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí nígbà gbogbo: ọ̀kan tí ó le, ọ̀kan tí kò le púpọ̀, àti ọ̀kan tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ibi tí a ó ti jẹ́wọ́ nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú òtútù, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá kan dé. A kò mọ orúkọ wọn, nọ́mbà nìkan ni a rí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí egungun ìbàdí. Platelet wọn jẹ́ 240,000 kí wọ́n tó ṣe é. Ní ọjọ́ keje, ó ti di 80,000. Ẹsẹ̀ wọn wú díẹ̀, àkóràn sì hàn gbangba lójú ọgbẹ́. Ìbéèrè mẹ́rin náà fún wọn ní márùn-ún, ELISA fún wọn ní 1.6. Iyèméjì gidi. Dókítà ti dá heparin dúró, ó ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ọgbẹ́ ìyá náà. Ó ní bí àwa bá ti sọ pé HIT kò sí, òun yóò dá heparin padà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó yẹ kí ó fún wa ní ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà kò wá, yìnyín dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹnì kan nínú àwa méjì ká apá aṣọ sókè. Platelet rẹ̀ wà nínú àwọn tí ń yára bínú. A ti lò ó rí. A ka ìwé ìbéèrè sí i létí: "Ṣé o kò lo oògùn kankan ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí?" Ó ní, "Rárá o." Kò purọ́ lójú ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ka èsì jáde, ti ìyá náà jẹ́ mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pé ogún. Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wa tí kò le púpọ̀, tí ó máa ń fún wa ní nǹkan bí ogójì, méjìlá péré ni ó fún wa. Èyí tí ó le náà lọ sílẹ̀ sí ìdajì ohun tí ó máa ń jẹ́. Òfin láàbù ni pé bí ẹlẹ́rìí bá kùnà, kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀yin ará, a ó sọ òtítọ́ fún yín: a wo ara wa. Aago ti lu mẹ́fà alẹ́. Ọ̀gá wa ń dúró láti buwọ́ lu èsì. Ọkàn wa ń sọ fún wa pé bóyá ẹlẹ́rìí yẹn ti pẹ́ jù nínú yìnyín, pé èyí tí ó le ṣì dáhùn, pé mẹ́rìnlá náà jìnnà sí ogún. Àlejò ni wá nínú láàbù náà. Kò wù wá kí wọ́n sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yìí ni ó ba iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì jẹ́.

Ibi tí a ti ń rò ó ni ọ̀kan nínú wa ti bi èkejì pé, "Orí tí ó ń fọ́ ọ lánàá ńkọ́?" Ẹ̀rù bà wá. Ìyẹ̀fun orí fífọ́ kan wà nínú àpótí wa, nínú pákẹ́ẹ̀tì pélébé, tí ìyá dì sínú ẹrù nígbà tí à ń bọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ irú rẹ̀. A dà á sínú omi lálẹ́ àná, a mu ún, a sùn. Aspirin ni ó wà nínú rẹ̀. Platelet tí aspirin bá ti kàn, kò ní jà bí ó ti yẹ mọ́ títí yóò fi kú, ó sì ń tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìyẹ̀fun náà kò ṣẹ̀, iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún ni ó ṣe. Àwa ni a kò kà á sí oògùn. Ní ilé wa, oògùn ni ohun tí dókítà kọ sínú ìwé tàbí tí babaláwo gún. Ìyẹ̀fun orí fífọ́, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni.

A lọ bá ọ̀gá wa. Ìrìn yàrá méjì ni, ṣùgbọ́n ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ lọ́jọ́ náà. A sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọn kò bá wa wí. Wọ́n kàn dìde, wọ́n pe dókítà pé èsì kò tíì sí o, kí ó má ṣe dá heparin padà. Wọ́n tún pe ènìyàn méjì lórí fóònù, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn dé nínú yìnyín náà. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ̀rọ tó kà á. Ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbọin. Ti ìyá náà jẹ́ méjìdínláàádọ́rin nínú heparin kékeré, mẹ́ta nínú heparin rẹpẹtẹ. HIT ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti dì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀gá wa sọ fún wa pé ìyá náà ti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde ní ilé ìwòsàn. Àwa méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kò sì lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ọ̀nà iṣẹ́ wa padà. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń fún wa ní ẹ̀jẹ̀ mọ́ pé ṣé ó lo oògùn. À ń béèrè pé: ṣé orí fọ́ ọ? Ṣé ara ro ọ́? Kí ni o mu sí i? A kì í gbẹ́kẹ̀ lé platelet ẹnì kan ṣoṣo mọ́, bí kò ṣe ti ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ti dán wò. Àti pé ẹlẹ́rìí tí kò le púpọ̀ ni ó ń ṣe olórí wa nísinsìnyí, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ bí nǹkan bá ti wọ́. Iṣẹ́ tí à ń ṣe fún oyè wa náà dá lórí èyí: bí a ṣe lè fi PF4 kún àyẹ̀wò náà kí ó lè gbọ́ ohùn antibody tí kò pariwo, àti bí a ṣe lè ṣe é láìlo ìtànṣán, kí ilé ìwòsàn tí kò lówó náà lè ṣe é. Àwọn mìíràn ti ṣáájú wa lójú ọ̀nà yìí. Ní Jámánì, àyẹ̀wò kan wà tí ojú ni wọ́n fi ń wo bí platelet ṣe ń lẹ̀ mọ́ra, láìsí ìtànṣán kankan.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ju heparin lọ. Ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn ènìyàn díẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì dì, antibody sí PF4 ni wọ́n bá lára wọn, láìgba heparin rárá. ELISA rí i dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àyẹ̀wò kíákíá kan tí ilé ìwòsàn púpọ̀ fẹ́ràn wí pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ẹ ó sì padà sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́rin yẹn sínú àpò. Kò gba ìtànṣán, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, iná mànàmáná kò sì lè pa á. Kíka platelet ṣáájú heparin àti lẹ́yìn rẹ̀, àti bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ni ó fẹ́. Bí platelet bá lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, ẹ fura.

Fún gbogbo yín tókù, ohun tí a rí kọ́ kò jìnnà sí ohun tí wọ́n fi tọ́ wa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tiwa kò tilẹ̀ ní ogún ọdún láti fi ṣòfò. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni ó ní, ẹsẹ̀ ìyá kan sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀ níbikíbi nílùú yìí, ẹ rántí láti dárúkọ ìyẹ̀fun inú àpótí yín. A ó pàdé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí Olódùmarè mú gbogbo wa padà sílé láyọ̀ o.